Iná Pupa Inú Náìnwọ̀nwọ̀n

Kò sí ohun púpọ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Mercedes 911 tó ti pẹ́ láyé. Sítíárìn ńlá, tí èèyàn ní láti na apá méjèèjì kó tó dì í mú dáadáa, ló kọ́kọ́ ń gba ojú ẹni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ti kùn lọ́dà léraléra, tí ọ̀dà ìṣáájú sì ń yọ níbi tí ọwọ́ dírẹ́bà ti máa ń fara kàn án. Aago tó ń ka eré ti dákẹ́. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó máa fi iye epo hàn ti sùn sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé táǹkì kún, ì báà jẹ́ pé ó gbẹ. Igi ni ọmọ mọ́tò ń tì bọ ẹnu táǹkì láti mọ iye dísẹ́ẹ̀lì tó kù. Wáyà tí ẹnikẹ́ni ò rántí iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́ ń fì dirodiro nísàlẹ̀. Àmọ́ gílóòbù pupa kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná lọ. Bí dírẹ́bà bá ṣí kọ́kọ́rọ́, á tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbé, á kú. Iná ṣáàjì ni wọ́n ń pè é. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, òun nìkan ló ṣì ń jíṣẹ́, mo sì rí i pé àwọn tí iṣẹ́ tó ń jẹ́ yé kò pọ̀.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá. Náìnwọ̀nwọ̀n ni. Imú rẹ̀ kúrú, ó rí róbótó, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sì jìnnà síra. Bọ́dì onígi ni àwọn káfíńtà máa ń kàn sí i lẹ́yìn, àwọn tó ń kọ̀wé sára ọkọ̀ á wá kọ orúkọ Ọlọ́run tàbí ọ̀rọ̀ àmọ̀ràn sí i níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá dé ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn, ẹ ó rí i níbi tó ti ń já pákó. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, láàárín àwọn ọdún 1960. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu náà to ọkọ̀ Mercedes pọ̀ níhìn-ín. Nọ́ńbà tí wọ́n fún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: 9 ni tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ yẹ kó wọ̀n, 11 sì ń tọ́ka sí agbára ẹṣin 110. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ ni OM 352, sílíńdà mẹ́fà, lítà 5.7. Wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́ ní Jámánì. Bódìjà ò tíì jọ̀wọ́ tiẹ̀.

Ó yẹ ká mọ ohun kan nípa ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kí ọ̀rọ̀ iná pupa tó lè yé wa. Kò ní pọ́lọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ ni písítìnnì ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná kọjá àlà, pọ́ọ̀ǹpù á wá tú epo sí i láti ẹnu nọ́sù, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Jíà inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù náà. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń dá sí i, kò sì sí wáyà tó ń sọ fún un pé kó tú epo. Nítorí náà, bí 911 bá ti gbé, kò ní kú nítorí pé báàtìrì tán. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ pẹtiróòlù mọ̀ pé bí iná ṣáàjì bá tàn lójú ọ̀nà, kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ yóò fi dá òun dúró, ẹ̀rù á bà á, á yà sí ìsọ̀ rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Dírẹ́bà 911 kò ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Yóò rí iná pupa, yóò máa bá eré rẹ̀ lọ. Bó bá dé ibi tó ń lọ, á gbé ọkọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó lè fi ìdagẹ̀rẹ́ gbé e lọ́jọ́ kejì, tàbí kó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa dún látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tàbí kó kó àwọn ọmọ jọ pé kí wọ́n wá bá òun tì í.

Inú ìfarabalẹ̀ yìí gan-an ni ewu wà, kò sì yẹ ká fi ṣeré. Báàtìrì ò ṣe ẹ́ńjìnnì ní nǹkan lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n òun ló ń tan iná iwájú àti iná ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó kó pákó láti ìhà Oǹdó, tó ń bọ̀ lóru lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, tí pákó sì yọ jáde kọjá bọ́dì, ikú ni fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun kejì ni fáànbẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀tì tó ń yí ọ̀tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún báàtìrì, náà ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù omi. Bí iná pupa bá ṣàdédé tàn yòò nígbà tí ọkọ̀ wà lórí eré, ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀tì ti já. Bí bẹ́ẹ̀tì bá sì ti já, omi kò yí mọ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Lára ọkọ̀ tí abẹ́rẹ́ ooru rẹ̀ ti kú, kò sí ohun mìíràn tí yóò tètè sọ fún dírẹ́bà pé gásíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ jó, pé tọ́ọ̀pù sílíńdà fẹ́ tẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí dírẹ́bà náìnwọ̀nwọ̀n dúró lójú ẹsẹ̀ tó bá rí iná yẹn, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo bẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kù fẹ́ẹ́.

Báwo ni gílóòbù kékeré yẹn ṣe ń mọ̀? Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ báàtìrì wá, ó gba ìdí kọ́kọ́rọ́. Èkejì ti ẹ̀yìn ọ̀tánétọ̀ wá. Gílóòbù wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí agbára apá méjèèjì bá dọ́gba, kò sí ohun tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá, yóò ṣókùnkùn. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì, iná á ṣàn láti ibi tó ga lọ síbi tó relẹ̀, gílóòbù á sì tàn. Ìdí nìyí tó fi ń tàn bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́: báàtìrì ní agbára, ọ̀tánétọ̀ ò tíì ní. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbé, ọ̀tánétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí pèsè tirẹ̀, apá méjèèjì á dọ́gba, iná á kú. Gílóòbù kò mọ èwo ló ga, èwo ló relẹ̀. Àìdọ́gba nìkan ló mọ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ rewáyà, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá rí iná pupa á ti pinnu pé apá ti ọ̀tánétọ̀ ló relẹ̀.

Iṣẹ́ kejì tí gílóòbù náà ń ṣe tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ọ̀tánétọ̀ tó dúró láìyí kò ní iná nínú. Kó tó lè pèsè iná rárá, rótọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì, iná díẹ̀ tó gba inú gílóòbù pupa kọjá ló sì ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀tánétọ̀ bá ti jí, yóò máa fi apá kan lára iná tirẹ̀ bọ́ rótọ̀, kò tún nílò gílóòbù mọ́. Nítorí náà, bí gílóòbù bá jó, ọ̀tánétọ̀ tí kò ní àrùn kankan lè sùn títí, dírẹ́bà á sì rò pé àlàáfíà ni ọkọ̀ òun wà torí kò rí iná pupa. Mo ti rí àwọn tó yọ gílóòbù olówátì méjì yìí, tí wọ́n fi LED ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀ nítorí pé LED mọ́lẹ̀ jù ú lọ. LED á tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò tó jí rótọ̀. Àfi kí dírẹ́bà tẹ iná mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì ké gan-an kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣáàjì.

Àwọn ará Jámánì fi nọ́ńbà sí ìdí wáyà wọn, nọ́ńbà kan náà lára gbogbo ọkọ̀. 30 ni èyí tó wá tààrà láti báàtìrì. 15 ni èyí tó ń gba iná bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́. 31 ni bọ́dì, ìyẹn irin ara ọkọ̀. 50 ló ń pe kíkì-sítátà. 61 ni ti gílóòbù pupa, òun ló sì ń lọ sí ojú ibi tí wọ́n kọ D+ sí lẹ́yìn ọ̀tánétọ̀. Rewáyà tí kò rí Jámánì rí, tí kò sì ka ìwé kankan nípa rẹ̀, á dárúkọ wọn fún ẹ láìwo ibì kankan. Àwọ̀ wáyà lè ti yí padà, torí ẹnikẹ́ni tó bá tún un ṣe á fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ so ó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára ìdí kọ́kọ́rọ́ ò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sí ìsọ̀ rewáyà létí ọjà pákó náà. Páànù mẹ́ta kan ni ìsọ̀ ọ̀hún, àwọn kòfo ọ̀tánétọ̀ wà nílẹ̀ káàkiri, òórùn òjé jíjó ò kúrò níbẹ̀. Báàtìrì méjì ló wà lára ọkọ̀ náà, fóòtì 12 kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n pọ̀ di 24. Dírẹ́bà ti dàgbà, ó ti ń wa náìnwọ̀nwọ̀n kí wọ́n tó bí rewáyà.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Kí ló ṣe é?”

“Iná ṣáàjì yìí ni. Lọ́sàn-án, mi ò rí nǹkan kan. Bí mo bá ti tan iná lálẹ́ ló ń pọ́n bàìbàì síbẹ̀. Báàtìrì ò sì gbé e láàárọ̀ mọ́, àfi ká tì í. Ọlọ́kọ̀ ní ká yọ ọ̀tánétọ̀ yẹn dànù, ká ra tọkùnbọ̀ mìíràn.”

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná, Bàbá. Èyí tó ń pọ́n bàìbàì, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń tàn yòò.”

Ó fi àtàǹpàkò tẹ fáànbẹ́ẹ̀tì láàárín; ó le, kò dẹ̀. Ó ní kí ọmọṣẹ́ òun ṣí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa tàn dáadáa. Ìyẹn nìkan ti dáhùn ìbéèrè púpọ̀: gílóòbù ò jó, wáyà 61 ò já, kábọ́ọ̀nù inú ọ̀tánétọ̀ ṣì ń kan rótọ̀. Ká ní kò tàn ni, ìdí D+ ni ì bá lọ, ì bá tú wáyà ibẹ̀, kó fi orí rẹ̀ kan bọ́dì. Bí gílóòbù bá wá tàn, ẹ̀bi wà nínú ọ̀tánétọ̀. Bí kò bá tàn, wáyà, fíúsì tàbí gílóòbù fúnra rẹ̀ ni. Ká ní ó ń tàn yòò tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, wáyà kan náà yẹn ni ì bá tú: bí iná bá ṣì ń tàn lẹ́yìn tó tú u, wáyà ti bó níbì kan, ó sì ń kan irin. Kò ná an ní kọ́bọ̀, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó ń bí mi nínú pé àwọn kan ń sọ ọ̀tánétọ̀ kalẹ̀ láìṣe é.

Wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì kan tó jókòó nítòsí ké sí wọn pé kí wọ́n yọ báàtìrì hẹ́ẹ̀dì wò, pé bí iná ọkọ̀ ò bá kú, ọ̀tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Rewáyà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Láyé dáínámò, wọ́n ń ṣe é, ó sì lè máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tánétọ̀ ní dáyóòdù nínú, èyí tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, báàtìrì ló sì ń gba iná tó bá ṣàdédé fò sókè mọ́ra. Bí a bá yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, iná tó fò sókè yẹn lè pa dáyóòdù àti kọ́táòtù tó ń díwọ̀n iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀tánétọ̀ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ọjọ́ tí wọ́n dán an wò báyìí ló bàjẹ́. Ó dùn mí pé àṣà yìí ò tíì tán ní ìsọ̀ wa.

Mítà ni rewáyà mú. Ó fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀yìn ọ̀tánétọ̀, ibi tí wáyà ńlá ti jáde: 28. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ìdí báàtìrì: 25. Ó ní kí wọ́n tan iná iwájú, ó tún wò ó: ẹ̀yìn ọ̀tánétọ̀ ṣì wà ní 28, ti báàtìrì ti bọ́ sí 22, iná pupa sì ti ń pọ́n lójú dáṣíbọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí bàbá ti wí.

“Bàbá, ẹ wá wò ó. Ọ̀tánétọ̀ ń pèsè iná. Iná ọ̀hún ni kò dé ilé.”

Apá ti ọ̀tánétọ̀ ló ga; apá ti báàtìrì ló relẹ̀. Àwọn tó fẹ́ yọ ọ̀tánétọ̀ ti fẹ́ dá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bi.

Wáyà ńlá yẹn gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sí ìdí kíkì-sítátà, ibẹ̀ ló ti bá wáyà báàtìrì pàdé. Rewáyà dùbúlẹ̀ sórí páálí, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹrẹ̀ pupa àti ọ́ìlì ti dì mọ́ kíkì-sítátà, ó ní láti fi sikurudírẹ́fà họ wọ́n kúrò. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti ìdí ọ̀tánétọ̀ wá. Ó tutù, ó tutù, títí ó fi dé bí ìka mẹ́rin sí ibi tí wọ́n ti dè é. Níbẹ̀ ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, bàbá sì fa wáyà tí wọ́n fi ń pa á. Nígbà náà ni wọ́n wá yọ báàtìrì hẹ́ẹ̀dì.

Ohun tó tú jáde níbẹ̀ yẹ ní wíwò. Rọ́bà tó bo wáyà ti le, ó ti là, etí rẹ̀ ti ká sókè níbi tó ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi ọ̀bẹ là á, bàbà inú rẹ̀ kò pọ́n mọ́: dúdú ni ní ibì kan, ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé àti funfun sì bo ìyókù, omi òjò àti erùpẹ̀ ti jẹ ẹ́ wọ inú lọ. Ó fi èékánná gbá a, tíńrín-tíńrín wáyà náà ń já. Díẹ̀ péré ló kù tó ṣì so mọ́ ojú irin tí wọ́n fi ń dè é. Gbogbo iná tí ọ̀tánétọ̀ ń pèsè, inú àwọn díẹ̀ yẹn ló fẹ́ gbà kọjá; èyí tí kò lè kọjá ló ń di ooru níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì tan iná iwájú, iná púpọ̀ sí i ń fẹ́ gba ibẹ̀, agbára tó ń sọnù níbẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gílóòbù fi ń pọ́n lálẹ́ nìkan.

Ó gé wáyà náà sẹ́yìn títí ó fi kan bàbà tó ń dán. Ó ki ojú irin tuntun bọ̀ ọ́, ó fi òòlù tẹ̀ ẹ́ pa, ó wá jó òjé sí i kí omi má baà ráyè wọlé mọ́. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi sánpépà ha ìdí kíkì-sítátà títí ó fi funfun. Wọ́n dè é, wọ́n fi gíríìsì bò ó, wọ́n dá báàtìrì hẹ́ẹ̀dì padà. Nítorí pé báàtìrì ò lágbára, àwọn ọmọ bá wọn tì í. Ó gbé. Mítà fi 28 hàn lẹ́yìn ọ̀tánétọ̀, ó sì fi 27 àti ààbọ̀ hàn ní ìdí báàtìrì, pẹ̀lú gbogbo iná ní títàn. Dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Ọlọ́kọ̀ tó ti ṣe tán láti san owó ọ̀tánétọ̀ tọkùnbọ̀ ń bínú lórí fóònù pé kí ni wọ́n ṣe tó fi tó iye tí rewáyà pè, ṣebí ojú irin kan ṣoṣo àti òjé ni wọ́n lò. Bàbá ló gba fóònù lọ́wọ́ rewáyà. “Ẹ san án fún un,” ló wí. “Èmi ni mo ń wà á lóru.” Ọlọ́kọ̀ san án. Mo fara mọ́ bàbá. Ojú irin kò wọ́n, ṣùgbọ́n mímọ ibi tí ojú irin ti bàjẹ́ láìtú ohun tó dára, ìyẹn ni iṣẹ́, òun ló sì yẹ ká máa sanwó fún. Bí a bá ń san owó ohun èlò nìkan, ohun èlò nìkan ni àwọn ọmọ wa á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀.

Kí bàbá tó kúrò, ọkọ̀ mìíràn ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, náìnwọ̀nwọ̀n náà ni. Dírẹ́bà rẹ̀ ò dàgbà tó bàbá, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní òun yọ kọ́kọ́rọ́ lánàá, òun sọ̀kalẹ̀, iná pupa ò kú. Rewáyà béèrè bóyá ó ń tàn báyìí tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Rewáyà ní kí ọmọṣẹ́ yọ báàtìrì hẹ́ẹ̀dì kíákíá. Lára èyí, dáyóòdù kan ti jó nínú ọ̀tánétọ̀, iná báàtìrì sì ń gba ibẹ̀ padà wọlé, ó ń gba inú gílóòbù kọjá láti apá òdì. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, báàtìrì á tán, wáyà sì lè jó mọ́ ọn.

“Èyí ní láti sọ̀kalẹ̀,” ló wí fún un. “Ẹ lọ wá omi mu, ẹ̀gbọ́n, ó máa pẹ́ díẹ̀.” Ó ti ń wá sípánà.